Ìṣúná Ni Ọ̀gá Mi Kọ́kọ́ Máa Ń Tẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba wá kí mi ní Fìdítì lọ́dún tó kọjá. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń kọ àbá ìwádìí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, l'Ábújá, lórí ọsàn tó ń rà dànù lóko wa lọ́dọọdún. Ó bi mí pé, "Màmá, nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ta ló ń bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ irú nǹkan báyìí?" Mo ní àwa akọ̀wé ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré.

Mi ò ṣeré rárá. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn owó ìwádìí ní ilẹ̀ yìí, orúkọ gíwá, orúkọ mínísítà àti ti ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń kún inú rẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àbá ìwádìí kan tó jáde ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì láyé ìgbà yẹn tí kò gba abẹ́ ìka wa kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá sì ti padà wálé lọ́wọ́ òfo bí kì í bá ṣe tiwa. Àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́.

Ọmọ Ìlọrà ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ sí oko tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìlọrà nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ tí àwọn ọdún 1960 ń wọlé, irú oko tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ láti Ísírẹ́lì. Owó ńlá ló bá ètò náà lọ, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà kò sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gba ìgboro lọ. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá mi wà lára wọn. Ọ̀gá mi a máa sọ pé ìwé tí wọ́n fi gbèrò oko yẹn kò ní àbùkù, pé ẹni tó máa ṣírò ohun tí ọmọ oko yóò máa jẹ títí ọ̀pẹ yóò fi so ni wọn kò rí. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wọ inú iṣẹ́ táìpù, òun ló sì fi tọ́ gbogbo wa.

Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbé ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wá, àwọn akọ̀wé yòókù yóò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ọ̀gá mi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò yẹ̀wé náà dé ẹ̀yìn, yóò fa ìṣúná yọ, yóò kọ́kọ́ tẹ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò ka ìyókù, pẹ́ńsù lọ́wọ́, tí yóò máa fi ohun tí wọ́n láwọn fẹ́ ṣe wé owó tí wọ́n béèrè. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé tọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ, tó dọ̀bálẹ̀ kí i tán, tó ní, "Sà, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ó lọ sí Jóbẹ̀lẹ̀ àti Ìwàrè nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Epo ìgbà òjò nìkan ni mo rí níbí." Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wò ó títí, ó ní, "Ó dáa, fi ti ẹ̀ẹ̀rùn sí i." Owó ìwádìí yẹn bọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, kò sì retí rẹ̀.

Ìlà kan wà tó máa ń fi kún gbogbo ìṣúná tó bá kan oko, yálà olówó ìwé sọ bẹ́ẹ̀ tàbí kò sọ. "Owó àbọ̀" ló ń pè é. Owó tí olùwádìí yóò fi padà lọ bá àgbẹ̀ tó já èso fún un, tó gbà á láyè kó gbẹ́ ilẹ̀ oko rẹ̀ wò, láti sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Kì í pọ̀. Owó ọkọ̀ ni, owó ẹ̀dà ìwé díẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa fi pe àwọn àgbẹ̀ jókòó. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní òun kò béèrè ìyẹn, ọ̀gá mi á ní, "Sà, ará ibẹ̀ ni mí. Tí ẹ ò bá padà lọ, wọn ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì wọ oko mọ́." Òótọ́ ni. Ní Fìdítì níbí, mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lóko ọsàn nítorí àwọn tó wá ṣáájú wọn lọ wọn ò bọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ táìpù tí a ń lò. Imperial alápá gígùn ni, èyí tí pépà fúlísíkáàpù wọ̀ ní ìbú. Òun nìkan ni a fi ń tẹ ìṣúná, torí òun nìkan ni òpó òǹkà mẹ́jọ lè dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìṣẹ́po. Ẹ̀dà márùn-ún là ń tẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú kábọ̀n. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: bí òǹkà kan bá ṣì, ibi márùn-ún lo máa pa á rẹ́, bí àròpọ̀ bá ṣì, o máa ya gbogbo rẹ̀, o máa tún un tẹ̀ látòkè. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń gbé ọwọ́ lé e láì tíì ro owó náà lọ ro ó bọ̀ lórí tákàdá. Ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fi agbára mú wa ṣe òótọ́. Àwọn tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà dẹ iṣẹ́ lọ́rùn kò parọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí àṣìṣe kò náni ní nǹkan kan mọ́, àṣìṣe pọ̀ sí i.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ owó Rockefeller àti ti Ford. Àwọn ilé ìrànwọ́ Amẹ́ríkà méjèèjì yìí ló náwó sí Yunifásítì Ìbàdàn láwọn ọdún 1960, àwọn náà ló sì bá ìjọba wa dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA sílẹ̀ ní 1967. Ìjọba fúnra rẹ̀ dá ilé ìwádìí èso àti ewébẹ̀, NIHORT, sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1975, ọ̀pọ̀ ará Fìdítì ló sì mọ ibẹ̀ nítorí irúgbìn ọsàn. Inú àpò yunifásítì ni owó ìwádìí tiwa ti ń wá, ohun tí ìjọba bá sì fún yunifásítì ló wà nínú àpò náà. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986 tí náírà ṣubú, kẹ́míkà kan ṣoṣo láti òkèèrè lè gbé gbogbo owó ìwádìí ọdún kan mì. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ láti ìlú òyìnbó dáwọ́ wíwá dúró. Àwọn olùkọ́ di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ó tó ọdún bíi mélòó kan tí a kì í tẹ àbá ìwádìí rárá, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ sí òkèèrè là ń tẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba ṣe ní 1992 ló bí owó orí ẹ̀kọ́. Òfin kéje ọdún 1993 ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa san ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló jọ ń pín in níbẹ̀rẹ̀. Ní 2011, òfin tuntun sọ ọ́ di TETFund, ó yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba nìkan, pé kí yunifásítì mú ìpín 2, kí pólì mú 1, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ náà mú 1. Ẹ gba Ọ̀yọ́ lọ, ẹ ó rí ilé tí owó yẹn kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Alayande àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀. Yunifásítì Ajayi Crowther tó wà nínú ìlú kan náà kò lè fọwọ́ kàn án, torí yunifásítì ìjọ ni. Àwọn kan ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó dáa, ti ìjọba kò tíì yó.

Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni pé ilé ni ọ̀pọ̀ nínú owó náà lọ fún. Ìwádìí tẹ̀lé e lẹ́yìn. Owó kékeré wà tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣètò nílé, tí kì í ju mílíọ̀nù 2 náírà lọ fún iṣẹ́ ìwádìí kan nígbà yẹn. Owó ńlá wà l'Ábújá, tí wọ́n fi bílíọ̀nù 3 náírà dá sílẹ̀, tó di bílíọ̀nù 7.5 ní 2020. Fún ìyẹn, olùwádìí kò lè dá wá, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ láti inú ìmọ̀ oríṣiríṣi. Wọ́n á kọ́kọ́ fi èrò wọn ránṣẹ́ ní ṣókí, àwọn tí wọ́n bá mú yóò kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, wọ́n á sì lọ gbèjà rẹ̀ lójú àwọn ọ̀mọ̀ràn. Ètò tó dára ni. Mo gbóríyìn fún ẹni tó gbé e kalẹ̀.

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti wọ gbogbo ọ́fíìsì, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń táìpù tirẹ̀. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ wa sí gbàǹjo, alágbẹ̀dẹ irin kan ló ra Imperial alápá gígùn náà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n rà á, wọ́n ní àkókò ti kọjá. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dùn mí jù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò jẹ́ ká ka àwọn àbá ìwádìí náà mọ́. Wọ́n ní kí á máa to orúkọ, kí á máa fi èdìdì sí i, kí á kó o ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìwé kan dé orí tábìlì mi lórí ìlera àgùntàn. Nínú ìṣúná rẹ̀, mo rí owó irúgbìn ọsàn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ìṣúná àbá ìwádìí mìíràn ni wọ́n dà kọ, wọ́n pa orúkọ dà, wọ́n gbàgbé ọsàn síbẹ̀. Kò sí owó àbọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo kọ̀ láti fi èdìdì sí i. Wọ́n ní ta ni mí tí mò ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá fáìlì, ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka náà tàbí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé mo tọ̀nà. Akọ̀wé tó rí ọsàn nínú owó àgùntàn, tó dákẹ́, kò yẹ kó gba owó oṣù. Bí wọ́n bá tún gbé ìwé náà wá lónìí, ohun kan náà ni màá ṣe. Àwọn kan ní nítorí ìgbéraga ni, pé ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà. Ọ̀gá mi kò kà ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì kọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní bí a ṣe ń béèrè owó.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e sáré kọjá. Ìyanṣẹ́lódì 2013 dé, ti 2020 dé, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Owó orí ẹ̀kọ́ kúrò ní 2 di 2.5 ní 2021, ó di 3 ní 2023. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 da àwọn owó bí irú èyí pọ̀ di owó ìdàgbàsókè kan ṣoṣo, ìdá 4, tí TETFund yóò mú ìdajì. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé 4 ju 3 lọ. Ẹni tó bá ti tẹ ìṣúná rí yóò wo ìdajì 4, yóò rí i pé 2 ni, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ní 1993.

Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka ìṣúná rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn yóò ka èso tó bọ́ sílẹ̀ ní Fìdítì, Ìlọrà àti Akínmọ̀ọ́rìn jálẹ̀ àsìkò ọsàn, ó sì fi owó ọkọ̀ ìrìn ẹ̀ẹ̀kan síbẹ̀. Ó tún un ṣe. Kò fi owó àbọ̀ sí i. Ó ní ojú ìwé TETFund ní ààyè fún ìtànkálẹ̀ èsì, pé àpérò àti ìwé ìròyìn ìmọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe. Mo ní kí ó kọ àwọn àgbẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, kò sí òfin tó ní kó má ṣe é. Ó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Afijió, ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, tí ẹ bá ń béèrè owó ìjọba lórí oko wa, ẹ kọ ìlà owó àbọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì padà wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò ọ́fíìsì ìwádìí, ẹ fi akọ̀wé kan síbẹ̀ tó ní àṣẹ láti ka ìṣúná kó sì dá a padà. Owó oṣù akọ̀wé kan kò tó nǹkan lára owó bílíọ̀nù bẹ́ẹ̀.