Bàbá, Ìyá, Ọmọ: Orúkọ Mẹ́ta

Nígbà tí bàbá wa kú ní 2014, àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì kan láti gba owó tó fi sílẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ wo ìwé wa títí, ó ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta yìí, bàbá kan náà ló bí yín?" Orúkọ bàbá bàbá wa ni tíṣà kọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tó wọ iléèwé; èmi ń jẹ́ orúkọ bàbá wa; àbúrò wa obìnrin ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Imú kan náà ló wà lójú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, ṣùgbọ́n ìwé ni akọ̀wé ń wò, kì í wo imú. Oṣù mẹ́jọ la fi ń lọ tí a ń bọ̀, a tún lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n tó gbà.

Ẹja ló rán mi létí. Mo ń wá ohun tí n ó fi kún ojú ìwé mi nínú ìwé ìròyìn wa ni mo bá kan ìtàn ẹja ìsàlẹ̀ òkun kan.

Ní 1895, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Goode àti Bean, kọ̀wé nípa ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti àbùùbùtán. Ojú rẹ̀ kéré jọjọ, kò ní ìpẹ́ lára. Ibi tí oòrùn kì í dé nirú wọn ń gbé, ẹgbẹ̀rún mítà sísàlẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cetomimidae ni wọ́n ń pe ìdílé náà. Gbogbo èyí tí àwọ̀n ń gbé wá sókè, abo ni. Akọ wọn dà? Kò sẹ́ni tó rí i.

Ní 1956, Bertelsen àti Marshall sọ ìdílé mìíràn lórúkọ, Mirapinnidae: ẹja kéékèèké tó ń gbé nítòsí ojú omi, tí àwọn kan nínú wọn ń wọ́ ìrù gbọọrọ kiri bíi ríbọ́ọ̀nù. Ọ̀kan dà bí ẹni tó nírun lára, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Esau, ẹ̀gbọ́n Jakọbu inú Bíbélì. Kò sí àgbà kankan láàárín wọn. Ní 1966 ni ìdílé kẹta dé, Megalomycteridae, àwọn onímú ńlá. Akọ ni gbogbo wọn.

Ẹ gbọ́ ná! Ilé kan, kìkì obìnrin. Ilé kejì, kìkì ọkùnrin. Ilé kẹta, kìkì ọmọdé. Ìyá alákàrà àdúgbò wa ì bá ti so ó pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ ẹ má dá àwọn onímọ̀ lẹ́bi jù, torí ẹja mẹ́ta yìí kò jọra rárá.

Ní 2003, Masaki Miya àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan yẹ àbùdá tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá wò: ti ọmọdé onírù gbọọrọ àti ti ẹlẹ́nu àbùùbùtán fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí àwọn ẹja tó ń para dà lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ní 2009, Dave Johnson, John Paxton, Miya fúnra rẹ̀ àtàwọn mìíràn kéde pé ìdílé kan ṣoṣo ni. Orúkọ àkọ́kọ́, Cetomimidae, ló borí.

Ti bàbá wọn ló dùn mí jù. Bó bá ti ń dàgbà, àgbọ̀n rẹ̀ á gan, ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn rẹ̀ á parẹ́. Kò ní jẹun mọ́ títí ayé. Ẹ̀dọ̀ ńlá tó ti fi oúnjẹ ìgbà èwe kọ́ ló ń jẹ lára. Bàbá wa náà máa ń ti àwo ọbẹ̀ sọ́dọ̀ wa lálẹ́, á ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́.

Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín pa á. "Èwo nínú wọn," ó bi mí, "ló wá lọ búra ní kóòtù?"