Sọ Ìtàn Náà fún Mi Ná

Ọmọ tó ń ka ìlọ́po 12 geere bí ẹni ń ka oríkì lè débi ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí pẹ́ńsùlù. Mo máa ń rí i lára àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lẹ́yìn ìwé. Àwọn òbí wọn á ní orí wọn ò gbé ìṣirò. N kò gbà. Ohun tí wọ́n kà ni kò yé wọn.

Ẹ wo èyí: Bọ́lá fi ọdún 4 ju Ṣadé lọ. Ọmọ ọdún 12 ni Bọ́lá. Ọmọ ọdún mélòó ni Ṣadé? Kíá ni púpọ̀ nínú wọn á kọ 16. Wọ́n ti sọ fún wọn pé níbi tí wọ́n bá ti rí "jù", kí wọ́n ròpọ̀. Ìkọ́kúkọ̀ọ́ gbáà nìyẹn. Ẹ bi ọmọ náà pé ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì. Fúnra rẹ̀ ni yóò pa 16 rẹ́, tí yóò kọ 8.

Kì í ṣe àwọn ọmọ tiwa nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1979, àwọn olùwádìí ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, bi àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀? Púpọ̀ nínú wọn ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, wọ́n ní ẹni ọdún 36 ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọmọ. Màá ní kó ka ìbéèrè, kó pa ìwé dé, kó wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè yìí: Ìyá kan ra apẹ̀rẹ̀ ọsàn 3, ₦1,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọsàn 48 ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ọsàn 12 jẹrà. Ó ta ìyókù ní ₦50 ẹyọ kan. Èló ló jẹ lérè?

Kí ni wọ́n ń wá? Èrè. Kí la gbọ́dọ̀ mọ̀ ká tó mọ èrè? Ibí yìí la máa ń pẹ́ sí jù, n kì í sì í kánjú. Ọmọ náà á ní iye tí ìyá náà tà á. Ìyẹn nìkan? Ó ronú títí, ó ní àti iye tó rà á. Ó parí! Ọsàn 48 lọ́nà 3 jẹ́ 144. Yọ 12 kúrò, ó ku ọsàn 132. Ní ₦50, ₦6,600 nìyẹn. Owó ọjà jẹ́ ₦4,500. Èrè, ₦2,100. Mo máa ń ní kó kọ "ọsàn" tàbí "náírà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kó má baà lọ yọ ọsàn kúrò nínú owó. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà kì í tilẹ̀ ṣe wàhálà níbẹ̀: ó mọ̀ pé ọsàn tó jẹrà kò dín owó tí wọ́n fi rajà kù.

Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán fífi Yorùbá kọ́ni wò ní Ifẹ̀: ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ àmúrelé wá lálẹ́ òní, ẹ má sọ fún un pé ìròpọ̀ ni tàbí ìyọkúrò. Ẹ ní kó sọ ìtàn náà fún yín ná, kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ọ tán.