Ohùn Ìyá Mi Nínú Dísìkì Méjì

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, dísìkì kan kú lórí tábìlì mi. Ó dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Inú rẹ̀ ni fídíò ìsìnkú bàbá mi wà, pẹ̀lú fọ́tò ìkómọjáde àkọ́bí mi. Ẹni tí ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Kìkì fọ́tò mọ́kànlá tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi tẹ́lẹ̀ ni ó kù mí kù.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ki ìdílé wa, láti orí baba ńlá wa títí dé orí àwọn ọmọ mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó mọ oríkì náà délẹ̀. Mo pinnu pé ohùn yìí kò ní bá ti bàbá mi lọ.

Mo fẹ́ ra àpótí ìpamọ́ tí a ń so mọ́ ráútà, èyí tí gbogbo ará ilé lè máa kó nǹkan sí. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ dojú kọ mí ni pé dísìkì mélòó ni kí n fi sínú rẹ̀, báwo ni wọn yóò sì ṣe máa gba ara wọn sílẹ̀ bí ọ̀kan bá kú? RAID ni a ń pe ètò yìí. David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1988.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, to ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀ fún mi. Bí mo bá ra dísìkì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 TB, RAID 5 yóò fún mi ní àyè 12 TB. Bí ọ̀kan bá kú, nǹkan kan kò ní sọnù. RAID 6 yóò fún mi ní 8 TB, méjì sì lè kú. RAID 1 ní tirẹ̀ kò fẹ́ ju dísìkì méjì lọ: ohun kan náà ni yóò máa kọ sí méjèèjì, 4 TB péré ni n ó sì rí lò.

Àyè tó pọ̀ wọ̀ mí lójú. Mo ní RAID 5 ni mo fẹ́.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rò ó wò. Bí ọ̀kan bá kú tí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù gbọ́dọ̀ ka gbogbo ohun tó wà nínú wọn kí wọ́n tó lè tún un kọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó tilẹ̀ lè ju ọjọ́ kan lọ. Ọjọ́ kan náà ni ẹ ra wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń ṣe. Bí òmíràn bá kú lákòókò yẹn ńkọ́? Iná àdúgbò yín ńkọ́?”

Nígbà tí a ka gbogbo ẹrù wa, kò kún ìdajì dísìkì kan. Mo mú RAID 1, mo sì ra bátìrì kékeré tí yóò gbé àpótí náà ró títí a ó fi pa á dáadáa bí iná bá lọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń wá àyè fún eré rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì pa gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìyá mi rẹ́. N kò tilẹ̀ bá a wí. Mo sọ fún un pé dísìkì méjì ni a ní. Ìgbà tí mo wò ó ni mo rí i pé ó ti lọ nínú méjèèjì. Bí àpótí náà ṣe ń kọ nǹkan sí dísìkì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ṣe ń pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Oríkì náà ṣì wà lórí fóònù mi, nítorí pé n kò tíì ráyè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò ọjọ́ ìbí ìyá mi lọ pátápátá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. RAID ń gbà wá lọ́wọ́ dísìkì tó kú. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ ọmọdé, olè, iná tó jó ilé, tàbí iná mànàmáná tó dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù. Ìmọ̀ràn àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Owó tí n kò fi ra dísìkì kẹta àti ìkẹrin ni mo fi ra dísìkì méjì tí a ń gbé kiri. Bí ọ̀kan bá wà lọ́dọ̀ wa, èkejì wà nílé àbúrò mi ní Abẹ́òkúta. A ń pààrọ̀ wọn nígbàkúùgbà tó bá wá kí wa. Mo sì ti tan ètò tí ń pa ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá mọ́ nínú àpótí náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó béèrè iye dísìkì tí ẹ ó rà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ ó sunkún lé lórí bó bá sọnù. Ẹ wá ibi kejì fún un lónìí, kí ẹ sì ṣí ẹ̀dà náà wò, kí ó lè dá yín lójú pé ó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a pàdé ní Abẹ́òkúta lóṣù tó kọjá, a ṣí ẹ̀dà tiwa. Ìyá mi tẹ́tí sí ohùn ara wọn títí ó fi parí, wọ́n sì mi orí.

“Mo fo ibì kan,” ni wọ́n wí. “Ẹ gbé fóònù wá, ẹ tún un gbà.”