Ìrìnàjò Wa sí Ilẹ̀ Bùlgáríà

A ti lọ, a sì ti bọ̀ láyọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí a tó lọ, ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi wá pé, "Níbo ni wọ́n ń pè ní Bùlgáríà?" Àwa gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a mọ̀ kò ju pé ọmọbìnrin wa, tí a bí sí Jọ́ọ̀sì níhìn-ín, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́hùn-ún, kọ̀wé sílé pé ọmọ ilẹ̀ náà kan fẹ́ fẹ́ òun. Bàbá rẹ̀ fárí gá; ó ní òun kì í fi ọmọ fún ibi tí òun kò mọ̀. Ẹbí pàdé, a sì fi ẹnu kò pé kí àwa mẹ́ta, bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n ìyá, lọ fi ojú ara wa rí i.

Láti Èkó ni a ti wọ ọkọ̀ òfurufú dé Istanbul, a tún wọ òmíràn dé Sófíà, olú-ìlú wọn. Òkè ńlá kan, Vitosha, wà lẹ́yìn ìlú, yìnyín bo orí rẹ̀. Àwa tí a ń fi òtútù Jọ́ọ̀sì yangàn, ẹnu wa wọhò! Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ̀wé kì í ṣe A, B, D tiwa. A kò lè ka orúkọ òpópónà kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù May lọ́dọọdún, gbogbo ilẹ̀ náà a máa gba ìsinmi láti fi ṣe ọdún lẹ́tà àti ìwé wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ọmọ wa ń fi Haúsá dá wa lóhùn nílé ro èyí wò.

Plovdiv ni àwọn àna wa ń gbé, ìlú olókè olókùúta tí ó rán wa létí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 1 oṣù March 2024, ìyá ọkọ so òwú pupa àti funfun mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́, fún àlàáfíà. Kò sí ẹni tí kò so ó nígboro.

Ní ọjọ́ kejì ni a ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Búrẹ́dì àti iyọ̀ ni wọ́n fi pàdé wa, bí àwa ti ń fi obì pàdé àlejò. Bàbá dìde, ó bi ìyá ọkọ pé, "Ṣé ẹ ó tọ́jú ọmọ wa bí ọmọ tí ẹ bí?" Ọmọ wa túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wo bàbá lójú, ó sì mi orí sọ́tùn-ún sósì. Omi bọ́ lójú ìyá. Bàbá na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Ọmọ wa kígbe pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Wọ́n ti gbà!" Àṣé ní ilẹ̀ wọn, ẹni tí ó bá mi orí sọ́tùn-ún sósì ti gbà nìyẹn, ẹni tí ó bá gbé orí sókè ló kọ̀. Obìnrin náà wá fi ẹnu sọ ọ́: "Da, da." Àwa tí a gbọ́ Haúsá tún rò pé ó ṣì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀! Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, bàbá sì fi ẹnu ara rẹ̀ súre fún àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí, àwọn bàbá wa kò mọ Jọ́ọ̀sì rí nígbà tí wọ́n kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà. Ẹ máa wádìí kí ẹ tó kọ̀. A ó kéde ọjọ́ ìgbéyàwó nínú ìwé yìí. Ire á kárí o.