Àlejò Tí Kò Ní Onílé

  Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo gbé wá lónìí, àti bí ìsinmi tí a fowó rà ṣe lè korò lẹ́nu ẹni tí ó rà á. Gírámà díẹ̀ yóò yọjú nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á, iṣẹ́ òòjọ́ mi ni.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ẹni tí kò sí nílé ara rẹ̀. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀ rí. Àtìpó ni ẹni tí ó wá gbé fún ìgbà pípẹ́ ní ibi tí kì í ṣe ti baba rẹ̀. Ayálégbé ni ẹni tí ń sanwó ilé. Bí a bá fẹ́ rán ènìyàn létí pé òun kọ́ ni ó ni ibi tí ó wà, a ó pè é ní atọ̀húnrìnwá. Nínú gbogbo wọn, àlejò nìkan ni kò lè dá dúró. Ẹnikẹ́ni lè jẹ́ àjèjì láàárín ọjà, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó di àlejò, ẹnì kan ní láti jẹ́ onílé fún un. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí a sọ pé ‘àlejò mi ni’, tí ‘àjèjì mi ni’ kò sì dùn létí. Ohun tí ojú èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì rí ní ibùdó ìpàgọ́ ní Amẹ́ríkà ni ó jẹ́ kí n ronú kan ìyàtọ̀ yìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ní Amẹ́ríkà, bí ìgbà ooru bá dé, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa kó àgọ́, ìkòkò àti ọmọ sínú ọkọ̀, wọn a sì forí lé igbó tàbí etí adágún láti lọ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ èyí fún ìyá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, ‘Ṣé wọ́n lé yín nílé ni?’ Èmi náà rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni ó ń mú àwọn baba wa sun ahéré. Àwa ọmọ wọn wá ń sanwó kí a tó sùn ún. Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Níhìn-ín, oko ni àbọ̀ sinmi ilé.

Arìnrìn-àjò ni ọ̀pọ̀ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ wà fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ KOA, tí ó ní ibùdó káàkiri Amẹ́ríkà lónìí, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Billings ní ìpínlẹ̀ Montana ní ọdún 1962, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wa ọkọ̀ kọjá lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní ìlú Seattle. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú lójú ọ̀nà ni ó ń yà síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibùdó aládàáni, nǹkan ti yí padà. Ní ìpínlẹ̀ bí Michigan àti Wisconsin, ìgbà ooru kúrú. Láti ọjọ́ Ajé tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ni ọjà ń tà jù. Kí òtútù tó dé, wọn yóò fa omi inú páìpù gbẹ kí ó má baà dì, kí páìpù má baà bẹ́. Bí òjò bá wá rọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èrè ọdún ti wọmi. Nítorí náà ni olówó ibùdó ṣe ń wá àwọn tí yóò san owó odidi sáà lẹ́ẹ̀kan, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní onísáà.

Onísáà a gbé ilé onítáyà rẹ̀ wá; òmíràn a gbé ilé kékeré kan wá, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju 400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ. Yóò kan pèpéle pákó mọ́ iwájú rẹ̀, yóò gbin òdòdó, yóò ri pátákó tí ó kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sí mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀bá omi ni ó ń gbà, lábẹ́ igi tí ó ní ibòòji. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ti àwa ọlọ́jọ́ mẹ́rin.

Ní oṣù Keje ọdún 2022 ni a kọ́kọ́ lọ, sí ibùdó kan létí adágún ní àríwá Michigan. Wákàtí mẹ́fà ni a fi wa ọkọ̀. Àwòrán tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi àwọn ọmọdé tí ń bẹ́ sínú omi hàn. Ojúlé tí wọ́n fún wa wà láàárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí àwọn onílé onítáyà ti ń da omi ẹ̀gbin wọn nù. A pàgọ́ síbẹ̀. Ẹnu géètì ni a ti ra igi ìdáná, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé igi wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún 2002 tí wọ́n ti rí kòkòrò kan láti Éṣíà tí ń pa igi ash ní Michigan ni wọ́n ti ń ṣọ́ igi àlejò lójú méjèèjì. Mo sọ fún ìyàwó mi pé igi pàápàá ní ẹni tí ń bi í níbi tí ó ti wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, a rìn lọ sí etí omi. Níbẹ̀, nínú oṣù Keje, aago mẹ́sàn-án alẹ́ a máa lù kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn onísáà jókòó lórí pèpéle wọn. Mo kí wọn bí wọ́n ti kọ́ mi nílé, nítorí ẹni tí ń kọjá ni ó ń kí ẹni tí ó jókòó. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọmọ wa ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, sáré lọ jókòó sórí àga kan lórí afárá pákó tí ó wọnú omi. Obìnrin kan rọra wá bá a, ó ní àga yẹn ti ní ẹni tí ń jókòó sí i. A wo àga náà, a kò rí orúkọ lára rẹ̀. A dìde, a lọ jókòó sórí koríko. Ẹni tí ó ni àga kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òfin ibùdó ní kí ariwo dákẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́. Orin dún títí di aago kan. Ọkọ̀ gọ́ọ̀fù kékeré ń kọjá lẹ́bàá àgọ́ wa, iná rẹ̀ ń tàn wọlé bí ẹni ń wá olè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ gbọ́ mi tán, ó fọwọ́ họ orí, ó ní, ‘Ṣé ẹ rí i, ó ti pẹ́ tí àwọn yẹn ti wà níbí.’

Mo ti yẹ gbólóhùn yẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sọ pé wọn kò pariwo. Kò sọ pé òfin kò sí. Ó kàn sọ bí wọ́n ti pẹ́ tó níbẹ̀, ó sì gbà pé mo ti rí ìdáhùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra ilẹ̀ rí ní àyíká Èkó mọ irú gbólóhùn náà lẹ́nu ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò nílẹ̀ o. Ayálégbé ni wọ́n bíi tiwa. Àwa san owó ọjọ́ mẹ́rin, àwọn san ti oṣù márùn-ún.

Ní ọdún 2023 a gbìyànjú ibòmíràn, ní Wisconsin. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ṣe eré ìdárayá fún àwọn ọmọdé. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí kò sí ẹni tí ó lè sáré bá a ní kíláàsì rẹ̀, lọ dúró lórí ìlà. Obìnrin tí ń darí eré náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò rí orúkọ rẹ̀. Inú oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti kọ orúkọ tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ náà, ó ní bóyá lọ́dún tí ń bọ̀. Ọmọ mi padà wá sí àgọ́, ó bọ́ bàtà eré rẹ̀, ó sì bi mí pé, ‘Dádì, ta ló ni ibí yìí gan-an?’ Mo ní olówó ibùdó ni. Ó ní rárá, òun ti rí olówó ibùdó, ó wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta áísìkiriìmù.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi bi mí bóyá àwọ̀ wa ni. Ìbéèrè tí ènìyàn dúdú kò lè ṣàì bèèrè ní Amẹ́ríkà ni, n kò sì ní búra pé àwọ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìdílé òyìnbó kan láti Ohio wà ní ojúlé tí ó kángun sí tiwa. Àwọn ọmọ tiwọn náà padà láti orí ìlà. Baba wọn ní ó dà bí ìgbà tí òun wọ ibi ìgbéyàwó tí wọn kò pe òun sí.

Síbẹ̀, mo fẹ́ jẹ́rìí gbe àwọn onísáà náà. Ní ọjọ́ kẹta, atẹ́gùn ṣẹ́ ọ̀pá àgọ́ wa. Bàbá àgbàlagbà kan ní ìlà ẹ̀bá omi gbé igi àti okùn wá, ó bá mi dì í. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní owó òun kò lè ra ilé létí adágún láéláé. Ibùdó yìí ni ilé adágún tirẹ̀, ó sì ti ń wá síbẹ̀ fún ọdún 19. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ará ìlà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un lálaalẹ́ títí sáà fi parí. Bí ó ti ń sọ ọ́, mo mọ ohun tí ó ń ṣàpèjúwe: agbo ilé ni. Ohun tí ó gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kí orúkọ ọmọ mi wọ ìwé. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí kì í ṣe ara wọn.

Ìgbà náà ni mo rántí abà àwọn baba mi ní ìhà Ìbàdàn. Mọ̀lẹ́bí ni gbogbo ará ibẹ̀; wọn a lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lóko kí wọ́n tó wọ̀lú fún ọdún tàbí ìnáwó. Onísáà ni àwọn náà. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá yọ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ẹnì kan ni láti dìde: baálẹ̀, tàbí ẹni tí baálẹ̀ bá nawọ́ sí. Omi yóò dé, wọn yóò sun iṣu, wọn yóò bèèrè ibi tí ó ń lọ. ‘Ẹ kúulé’ ni ti ẹni tí ń dé. ‘Ẹ káàbọ̀’ ni ti ẹni tí a bá nílé. Ẹnì kan kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ méjèèjì. Àwọn àgbà ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Wọ́n tún bá àlejò náà wí pé onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n se ẹ̀wà fún òun. N kò gbà pé ọkàn àwọn ará abà rọ̀ ju ti àwọn ará Wisconsin lọ. Àṣà ni ó ti pín iṣẹ́ náà fún ẹni tí yóò ṣe é.

Kí a má sì yin ara wa jù. Ní ọdún 1916 ni wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n bí baba rẹ̀ síbẹ̀, tí Yorùbá sì dán mọ́rán lẹ́nu rẹ̀, a ṣì lè bi í pé ìlú rẹ̀ dà. A mọ bí a ṣe ń gba àlejò ọjọ́ mẹ́ta. Àlejò ọgọ́rùn-ún ọdún ni a kò mọ ohun tí a ó fi í ṣe.

Ní ọdún 2024 a lọ sí ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ènìyàn kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ó tó kẹ́rù rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò kan pèpéle. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó ń gbé ibẹ̀ pẹ́. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni. Kì í gba owó oṣù, wọ́n fún un ní ojúlé lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè máa bójú tó àwọn tí ń dé. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè wọn kò ju ‘onílé’ lọ. A kò tíì na àgọ́ tán tí ó fi dé. Ó bèèrè orúkọ àwọn ọmọ, ó sì fi ibi tí omi gbé jìn hàn wọ́n. Adágún ibẹ̀ kò tó ti Michigan ní ẹwà, ẹ̀fọn sì pọ̀. Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ọmọ wa obìnrin kí ó tó jáde nínú omi.

Bí ẹ bá ń gbèrò irú ìsinmi báyìí pẹ̀lú ọmọ, ẹ má wo àwòrán adágún nìkan. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn: mélòó nínú ojúlé yín ni ó jẹ́ ti onísáà, ta sì ni ó ń gba àlejò? Bí ẹni tí ń dáhùn bá ní gbogbo ènìyàn ni, a jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan. Èmi yóò sì fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Ọ̀yọ́: irú orúkọ wo ni ẹ ń pe ẹni tí ó ti pẹ́ láàárín yín, tí ẹ kò tíì pè ní ọmọ ìlú?