Ẹni Tó Ń Yẹ Iṣẹ́ Wò

Nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọmọ Jámánì tó ń bá Microsoft ṣiṣẹ́ ní San Francisco, ń dán PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kó dátà pamọ́, wò nígbà tó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn ti ń falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíì ì bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Freund kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tọpinpin ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dé ìdí XZ Utils, irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kó má baà gba àyè. Ẹnì kan ti dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀, tí olè lè gbà wọlé láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Jia Tan ni ẹni náà pe ara rẹ̀. Láti ọdún 2021 ló ti ń fi iṣẹ́ tó dára wá ojúure. Ní 2022, àwọn orúkọ àjèjì kan dìde sí Lasse Collin, ọmọ Finland tó ń tọ́jú XZ: iṣẹ́ ń falẹ̀ jù, kó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Collin ṣàlàyé pé àìlera ọkàn ń yọ òun lẹ́nu, àti pé ẹnikẹ́ni kò sanwó iṣẹ́ náà fún òun. Àárẹ̀ rẹ̀ ni Jia Tan gbà wọlé dé ìdí iṣẹ́ náà.

Àwọn tó fẹ́ràn sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ máa ń sọ pé níbi tí ojú bá pọ̀ sí, àṣìṣe kì í lè sá pamọ́. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Inú àwọn fáìlì ìdánwò tí ojú ènìyàn kò lè kà ni Jia Tan kó apá kan iṣẹ́ ibi rẹ̀ sí. Apá tó ń jí i dìde kò sí nínú kóòdù tó wà ní gbangba rárá, inú ẹrù tí wọ́n pín fáwọn oníṣẹ́ nìkan ló wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ti wọ àwọn ẹ̀dà ìdánwò Debian àti Fedora, oríṣi Linux méjì, kí Freund tó ké gbàjarè. Ojú pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń wò?

A ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí àlébù Heartbleed jáde nínú OpenSSL ní 2014, ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé irinṣẹ́ náà, tó ń ṣọ́ àṣírí àìmọye ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìtajà, kò rí ju nǹkan bí 2,000 dọ́là ọrẹ lọ́dún. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá dáwó lẹ́yìn náà. Owó ọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ Collin.

Ní báyìí, àríyànjiyàn tó gbòde ni bóyá AI ni yóò máa kọ gbogbo kóòdù. Ṣùgbọ́n Daniel Stenberg ní Sweden, tó dá curl sílẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé dátà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ń ṣàròyé láti oṣù Kíní 2024 lórí àwọn ìròyìn àlébù tí AI kọ fáwọn tó ń fi wọ́n ránṣẹ́. Èdè wọn dán, wọ́n gùn, àlébù tí wọ́n sì ń sọ kò sí níbì kankan. Síbẹ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó kà wọ́n kó tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Kóòdù kò wọ́n wa rí. Ẹni tó máa fi sùúrù kà á, tí yóò sì fura sí i, ló wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń sọ kóòdù di púpọ̀ láì sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di púpọ̀, ẹrù ló ń dì lé Collin àti Stenberg lórí. Àwọn iléeṣẹ́ tí òwò wọn dúró lórí irinṣẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ san owó oṣù fún àwọn tó ń tọ́jú wọn, kí wọ́n sì san owó ẹnì kejì pẹ̀lú, ẹni tí a mọ ilé rẹ̀, tó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n.