Pákó Kékeré ní Kokrobite

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a dé Kokrobite, gbogbo ọkọ̀ àwọn apẹja sì wà lórí iyanrìn. Ẹni tí kò mọ àṣà ibẹ̀ á rò pé òkun ń bínú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gáà, tí wọ́n ni ilẹ̀ Accra, kì í pẹja lójú òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọkùnrin jókòó lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe, àwọn ọmọdé sì ń ṣeré létí omi.

Àmọ́ kì í ṣe ẹja ló gbé wa débẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ló fẹ́ ra pákó, èyí tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun bí ẹni ń gun ẹṣin. Ó ti ń kọ́ ọ fún ọdún méjì ní Tarkwa Bay, etíkun ẹnu èbúté Èkó tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi la fi ń débẹ̀. Pákó tí wọ́n fi kọ́ ọ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ó sì fẹ̀ dáadáa. Ó ti ń dìde dúró lórí rẹ̀, ó sì ń darí rẹ̀ sápá ọ̀tún àti òsì. Ó wá gbọ́ pé ẹnìkan ń ta pákó àlòkù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 ní Kokrobite. Ó ti tọ́jú owó díẹ̀, ó fẹ́ kí àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìyókù kún un.

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, irú èyí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn ń lò.” Ọ̀rọ̀ tó ń tún sọ láti Seme nìyẹn, a gba Kútọnu, a gba Lomé, títí a fi wọ Gánà ní Aflao.

Láti Accra, Kaneshie la ti wọ trotro. Trotro ni dánfó tiwọn. Wọ́n ní inú ọ̀rọ̀ Gáà fún owó kọ́bọ̀ mẹ́ta àtijọ́ ni orúkọ náà ti jáde, nítorí iye tí wọ́n ń san nígbà náà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè tọ́rọ́. Tọ́rọ́ tiwa náà ni tro tiwọn. Ọkọ̀ gba ọ̀nà Winneba lọ síhà ìwọ̀ oòrùn kó tó yà sọ́wọ́ òkun.

Ẹni tó ń kọ́ni létíkun náà kò sọ̀rọ̀ nípa owó. Ó kọ́kọ́ bi àbúrò wa pé kílò mélòó ló wọ̀n. Ó ní 68. Ó tún bi í pé nínú ìgbì 10 tó bá gbìyànjú láti gùn, mélòó ló ń rí mú? Àbúrò wa wo ilẹ̀, ó ní bóyá mẹ́rin.

Olùkọ́ náà wá fi nọ́ńbà kan hàn wá lára pákó kékeré yẹn: lítà 35. Lítà omi kan wúwo tó nǹkan bíi kílò kan. Nítorí náà, pákó tó bá jẹ́ lítà 35 kò lè gbé ju nǹkan bíi kílò 35 léfòó bó bá dúró sójú kan, ìwúwo pákó fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹni kílò 68 bá dùbúlẹ̀ lé e, yóò rì díẹ̀ sábẹ́ omi. Ìgbà tó bá sáré nìkan ni omi ń gbé e sókè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn ń fi agbára apá àti ojú tó fi ń ka ìgbì dí àlàfo náà. Èrè rẹ̀ ni pé pákó kékeré ń yí kíákíá. Ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀ yóò kàn máa wa omi lásán ni.

Bákan náà ló rí fún àwọn tó ń ta ìgbòkun sórí pákó tiwọn. Pákó ńlá lè gbé èèyàn àti ìgbòkun dúró nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́. Lórí kékeré, bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, rírì ló kàn.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án ni ìgbì ńlá máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì dé etíkun Gánà. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ la lọ, tí ìgbì kéré. Ìgbì kékeré kò lágbára láti ti pákó kékeré.

Àbúrò wa gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣì ní òun fẹ́ dán an wò. Ẹni tó ń tà á gbà fún un. A jókòó sórí iyanrìn, a ń wò ó. Ó tó wákàtí kan kò rí ìgbì kan mú. Ó ń wa omi, ìgbì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí a rí i pé orí rẹ̀ ti kúrò níwájú wa, omi ń gbé e lọ síhà ìlà oòrùn, apá rẹ̀ kò sì ká a mọ́. Ọkàn wa kò balẹ̀ rárá. Olùkọ́ gbé pákó ńlá tirẹ̀, ó bọ́ sómi, ó ń pariwo sí i pé kó má fi pákó sílẹ̀, kó má sì bá omi jà, kó máa wà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí omi yóò fi tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Àbúrò wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹ kenkey àti ẹja díndín tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8. Ó rí ìgbì mẹ́fà mú nínú 10. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ apẹja kó pátákó fífọ́ wá, wọ́n dùbúlẹ̀ lé e, ìgbì sì ń gbé wọn wá sí iyanrìn. Eré yẹn kì í ṣe tuntun. Sójà ọmọ Scotland kan, James Edward Alexander, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1837 pé òun rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì. Ìyẹn ti pẹ́ kí Bruce Brown tó gbé kámẹ́rà wá sí Gánà àti Nàìjíríà fún The Endless Summer, fíìmù tó kárí Amẹ́ríkà ní 1966.

Àbúrò wa wò wọ́n pẹ́. Ó ní, “Tiwọn kéré ju èyí tí mo fẹ́ rà lọ.” A ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ń kan ilẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó.

A kò ra pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 náà. Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 àlòkù la fi owó kún, a sì san owó ẹrù rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí dé Èkó. Ó ti kọ gègé sí ara rẹ̀: mẹ́jọ nínú 10. Ọjọ́ tó bá dé ibẹ̀, ó ní òun á tún bẹ̀ wá wò.